Òkúta Ibojì Lábẹ́ Ìkòkò Ìrẹsì

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko la fi se ìrẹsì ṣọ́ọ̀ṣì wa lórí òkúta ibojì, a kò sì mọ̀. Èmi náà jẹ nínú rẹ̀. Èyí tó jóná nísàlẹ̀ ìkòkò gan-an ni mo máa ń béèrè, torí òun ló máa ń gba òórùn èéfín sára jù.

Ìyá àgbà kan ló wá là wá lójú. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni wọ́n, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì wa ọkọ̀ láti Jonesboro wá bá wa ní ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù Kẹta ọdún tó kọjá. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa kò jìnnà sí Atlanta, ṣùgbọ́n n kò ní dárúkọ àdúgbò náà, torí ọ̀rọ̀ yìí ṣì wà níwájú adájọ́.

A fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn tuntun sẹ́yìn ilé ìjọsìn nígbà náà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọ́lé irú bẹ́ẹ̀ níbí, ìjọba ìbílẹ̀ á kọ́kọ́ ri pátákó mọ́lẹ̀ létí títì kí gbogbo aládùúgbò lè mọ̀. Wọ́n kọ orúkọ tí ojú ọ̀nà wa ń jẹ́ láyé àtijọ́ sí ìsàlẹ̀ pátákó tiwa, ní lẹ́tà kéékèèké. Ìyá àgbà yìí ń ti ọ̀dọ̀ dókítà bọ̀ ni wọ́n rí i. Wọ́n ní àwọn yí ọkọ̀ padà lẹ́ẹ̀mejì kí àwọn tó gbà pé àwọn ò ṣì í kà.

Ìdúpẹ́ ọdọọdún ni a fẹ́ ṣe lọ́jọ́ kejì, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì sì wà lẹ́yìn ilé níbi iná. Èmi ni mo gbé àpò ìrẹsì wá fún wọn. Ọ̀gá ibẹ̀ ni ẹni tí gbogbo ìjọ ń pè ní Mọ́mì Kíṣìnì, obìnrin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan ní Lilburn láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Kò sí ẹni tó ń bá Mọ́mì Kíṣìnì jiyàn nídìí iná, àti Pásítọ̀ àti ọmọ ìjọ.

Ìyá àgbà náà kí wa, wọ́n wo àwọn ìkòkò yíká, wọ́n wá bẹ̀ wá pé kí a bá àwọn fa igi iná kan sẹ́yìn. Mọ́mì Kíṣìnì rò pé èéfín ló ń dà wọ́n láàmú, wọ́n fà á. Ìyá àgbà lóṣòó díẹ̀díẹ̀, wọ́n di etí ìkòkò omi kan tí kò tíì gbóná mú, wọ́n yọ áńkáṣíìfù, wọ́n sì fi nu eérú kúrò lójú òkúta tó kọjú sí ilẹ̀kùn. Nọ́mbà kan hàn lára rẹ̀: 61.

Wọ́n wò ó títí.

"Bàbá mi nìyí," ni wọ́n wí.

Mo ní láti sọ bí òkúta yẹn ṣe dé ibẹ̀. Nígbà tí a ra ilẹ̀ náà, Mọ́mì Kíṣìnì ní gáàsì kò lè se ìrẹsì tí àwọn mọ̀ dàgbà, pé igi làwọn fẹ́. Wọ́n rìn yíká ẹ̀yìn ilé, wọ́n sì rí àwọn kóńkéré kéékèèké kan lábẹ́ àwọn igi páìnì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Wọ́n tò tẹ̀ léra lórí ìlà kan, wọ́n rì wọlẹ̀ dé ìdajì, nọ́mbà sì wà lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan. A jiyàn lórí wọn lọ́jọ́ náà. Alàgbà kan ní ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí láyé àtijọ́ ni, pé nọ́mbà páàkì ni. Èmi ní ìdí ọgbà ni. Kò sí ẹni tó dárúkọ ibojì láàárín wa, bí a ti pọ̀ tó. Nílé wa, ẹni tí a bá sin, a óò kọ orúkọ rẹ̀, a óò kọ ti ìlú rẹ̀, a óò kọ ti àwọn ọmọ tó fi sílẹ̀. Inú ọgbà ilé tàbí ẹ̀gbẹ́ ìloro la máa ń sin ín sí, àwọn ọmọọmọ á sì máa jókòó lórí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ pa ẹ̀pà jẹ. Ta ló máa fi nọ́mbà sin èèyàn?

Mọ́mì Kíṣìnì fa mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yọ nínú wọn. Òkúta mẹ́ta ló ń gbé ìkòkò kan, nítorí náà ààrò márùn-ún ló jáde. Nọ́mbà tó bá kọjú sí ilẹ̀kùn nínú mẹ́ta náà ni àwọn obìnrin fi ń pe ààrò ọ̀hún: 52, 55, 58, 61, 64. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pariwo síra wọn lẹ́yìn ilé fún ọdún mẹ́sàn-án.

"Ẹ ro ti 55 o, ó ti ń jó!"

"Ta ló ń ṣọ́ 61? Àbí 61 ti sùn ni?"

Mo ṣì ń gbọ́ ìyẹn létí mi. Ẹ̀rín la máa ń rín sí i nígbà náà.

A gbé àga fún ìyá àgbà ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo sì yọ ìwé mi jáde. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìròyìn, ní Ìbàdàn lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà fún ìwé ìròyìn kékeré kan tó ti wà níbí láti ayé àtijọ́, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Tucker. Mo kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

"Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí. Bàbá mi jáde láàárọ̀, ó ń lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń la pákó, bóyá wọ́n á gbà á. Wọ́n mú un lójú ọ̀nà. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé kò níṣẹ́."

Mo béèrè pé, "Ẹ̀sùn nìyẹn?"

"Ẹ̀sùn nìyẹn. Ó ń wá iṣẹ́ lọ, wọ́n mú un torí kò níṣẹ́. Adájọ́ fún un ní ọgbọ̀n ọjọ́. Ọjọ́ kejìlélógún ló kú."

Kì í ṣe òun nìkan. Ní gúúsù Amẹ́ríkà láyé ìgbà yẹn, ọkùnrin dúdú tí kò bá ní lẹ́tà ọ̀gá kan nínú àpò lè di ẹlẹ́wọ̀n kí ilẹ̀ tó ṣú, àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n á sì kó o lọ fọ́ òkúta fún ọ̀nà tàbí fún ẹni tó bá yá wọn lò. Àgọ́ kan wà lórí ilẹ̀ tí a ń jọ́sìn lé lórí yìí. Ìyá àgbà ní gbogbo àdúgbò ló mọ̀ nígbà náà pé àna adájọ́ yẹn ló ni ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Bí òkúta bá pọ̀ láti fọ́, ẹjọ́ náà á pọ̀.

Ìwé kan ṣoṣo ni ìyá wọn rí gbà lọ́wọ́ àgọ́. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú Bíbélì, wọ́n sì fi hàn mí. Orúkọ ojú ọ̀nà wà níbẹ̀, nọ́mbà 61 wà níbẹ̀, ohun tó pa ọkùnrin náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n ní oòrùn ló pa á.

"Oṣù Kejì ni," ìyá àgbà wí. "Ìyá mi ní omi inú garawa dì lọ́jọ́ tí wọ́n mú ìwé yẹn wá."

Mo lọ wo ìwé ìròyìn tiwa láti ìgbà náà, nínú yàrá tí a kó àwọn ti àtijọ́ sí. Ìlà méjì péré ni wọ́n kọ nípa rẹ̀: ẹlẹ́wọ̀n dúdú kan kú nítorí ooru, àlàáfíà sì ni fún àwọn yòókù. Wọn ò dárúkọ rẹ̀. Lójú ewé kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, ìwé ìròyìn kìlọ̀ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n fi aṣọ bo páìpù omi wọn, nítorí yìnyín ń bọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹnì kan bíi tèmi jókòó, ó kọ méjèèjì, ó sì lọ jẹun.

Mo bi ìyá àgbà ní ohun tí wọ́n ń fẹ́, kò sì fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí bàbá wọn dùbúlẹ̀ sí gan-an, kí wọ́n lè sin àwọn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí orúkọ méjèèjì sì wà lórí òkúta kan. "Dókítà mi ti sọ fún mi pé kí n má ṣe lọ́ra," ni wọ́n wí. "Kí ẹ̀yin náà má lọ́ra."

Ẹ̀rù ba ìjọ lọ́sẹ̀ náà. Àwọn kan ò jẹ́ kí ọmọ wọn ṣeré lẹ́yìn ilé mọ́. Ọkùnrin kan tí mo mọ̀ sí ẹlẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀ sí gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí ojúlé kejì, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn wọlé. Àwọn alàgbà ṣe ìpàdé, wọ́n ní kí a fi òróró àti omi àdúrà fọ àwọn òkúta náà, kí a kó wọn sínú yàrá ẹrù, kí a sì gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láti lé ohunkóhun tó bá wà nínú ilẹ̀ náà jáde.

Mọ́mì Kíṣìnì dìde níbi ìpàdé. "Ta lẹ fẹ́ lé?" ni wọ́n bi wọ́n. "Ṣé kì í ṣe àwa la bá wọn níbẹ̀?"

Àwọn alàgbà fọ òkúta náà síbẹ̀síbẹ̀. Wọ́n tú ààrò márààrún ká, wọ́n sì to gbogbo rẹ̀ jọ sínú yàrá ẹrù bí ẹni to búlọ́ọ̀kù. Wọ́n rò pé àwọn ń bọ̀wọ̀ fún òkú ni. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí ìyá àgbà fi ọ̀rọ̀ náà tó létí dé, obìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ mọ́ àwọn ibojì àtijọ́, ó gbé 61 lọ́wọ́, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì mi orí.

"Òkúta tí kò bá sí ní àyè rẹ̀, kóńkéré lásán ni," ló sọ fún mi. Ó ṣàlàyé pé ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń tì lórí ilẹ̀, tó lè fi hàn pé ibojì wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Máàpù ìjọba pàápàá sọ pé orí òkè mìíràn ni wọ́n sin àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà sí, níbi tí ìlà ṣọ́ọ̀bù wà báyìí, àti pé wọ́n ti kó gbogbo wọn kúrò níbẹ̀ tipẹ́.

Lọ́yà ìjọ gbá máàpù yẹn mú. Ó ní bí máàpù bá sọ pé kò sí òkú níbí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe là á yé ìjọba pé inú ilẹ̀ wa la ti fa òkúta náà yọ. Kí gbogbo wa dákẹ́ títí wọn á fi fọwọ́ sí ilé kíkọ́. Pásítọ̀ bẹ̀ wá láti orí pẹpẹ. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Àwọn ọmọ wa ń kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín bàtà àti agbòjò, ọdún púpọ̀ ló sì ti fi ń ronú gbọ̀ngàn yẹn.

Mọ́mì Kíṣìnì pè mí lórí fóònù ní ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sídeè, nígbà ìsinmi wọn níbi iṣẹ́.

"Oníròyìn, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan. Òkú tí wọ́n fi iná sun òkúta orí rẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, kí lèèyàn ń sọ fún un?"

"Mọ́mì, mi ò mọ̀ o."

"Ìwọ náà, o ò ní mọ nǹkan tó wúlò láéláé." Wọ́n tún bi mí: "Ewúro tí mo máa ń bù fún ìyàwó rẹ, ṣé o mọ ibi tí mo gbìn ín sí?"

"Etí igbó."

"Inú ihò ni. Bí mo ṣe ń fa òkúta yìí yọ, ihò ń ṣí sílẹ̀. Ṣé kí n fi ihò sílẹ̀ kí ọmọ ọlọ́mọ lọ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́? Mo fa ọ̀kan, mo ki igi ewúro bọ ibẹ̀, mo tẹ erùpẹ̀ mọ́ ọn. Ilẹ̀ yẹn rọ̀ ju gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ lọ. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Ewúro yẹn ti wọ gbogbo ilé wa. Lọ́dọọdún, tí òtútù bá pa á dé ilẹ̀, Mọ́mì Kíṣìnì á kó ewé páìnì gbígbẹ bò ó, á sì tún rúwé nígbà tí ooru bá dé.

Mo bi wọ́n bóyá wọ́n tẹ̀ lé ìlà nígbà tí wọ́n ń fà á yọ.

"Kí lo rò? Láti etí igbó wá síhà ilé. Mẹ́ta àkọ́kọ́, mo gbé ìkòkò kan kà á. Mẹ́ta kejì, ìkòkò kejì. Ṣé wọ́n ń ṣa òkúta ààrò bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà ni?"

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ láti 52. Tí òkúta bá tẹ̀ léra, 61 á jẹ́ ìkẹwàá.

"Ẹ ní láti wá fi han ìjọba, Mọ́mì."

"Mo ti ṣèlérí fún Pásítọ̀ pé mo máa dákẹ́." Ohùn wọn lọ sílẹ̀. "Àwọn arúgbó tí mo ń tọ́jú níbí, bí mo bá ń wẹ̀ wọ́n, ojú obìnrin yẹn ni mo ń rí lára gbogbo wọn."

Mọ́mì Kíṣìnì ṣiṣẹ́ ní alẹ́ Fúráìdè nítorí ẹni tó yẹ kó wá ò wá. Ní àárọ̀ Sátidé, tààrà láti ibi iṣẹ́ ni wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Àwọn fúnra wọn ti pe òṣìṣẹ́ obìnrin ìjọba yẹn, èmi sì ti pe ìyá àgbà. Pásítọ̀ dé lẹ́yìn wa, kò tilẹ̀ pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ dé.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Lọ́yà ní kí a dákẹ́. Ẹ̀yin lẹ ṣèlérí."

"Dáddì, mo ṣèlérí. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run."

"Gbọ̀ngàn àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Ẹ wo ọmọ tó dúró lẹ́yìn yín yẹn," ni Mọ́mì Kíṣìnì wí, wọ́n nawọ́ sí ìyá àgbà. "Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí wọ́n mú bàbá rẹ̀. Ṣé òun kì í ṣe ọmọ ni?"

Pásítọ̀ yíjú padà. Ìyá àgbà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé àwọn ni wọ́n ń sọ, wọ́n sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i bí ẹni ń tọrọ àforíjì. Èmi ni mo ṣe ògbufọ̀.

A rìn lọ sí etí igbó. Mọ́mì Kíṣìnì ń fi ìka ka àwọn ewúro láti orí àkọ́kọ́. Mọ́kànlá ló rúwé lọ́dún yẹn nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìkẹwàá kò sí nínú àwọn tó rúwé. Òtútù ti pa á pátápátá, ewé páìnì ló kù lórí rẹ̀, gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ sì jọra. Mọ́mì Kíṣìnì dúró láàárín ìkẹsàn-án àti ìkọkànlá, wọn ò mọ ibi tí wọn ìbá gbé ẹsẹ̀ sí.

Obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba fa téèpù ìwọn-ilẹ̀ jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí bi Mọ́mì Kíṣìnì ní ìbéèrè, ó ń kọ ìdáhùn sílẹ̀.

"Ta ló rí yín nígbà tí ẹ gbìn wọ́n?"

"Gbogbo ìjọ."

"Kí ló mú un dá yín lójú pé wọ́n mọ ibi tó wà?"

"Wọ́n jẹ ẹ́."

Ó nílò ẹni tó máa bá a di orí kejì téèpù mú. Mo ní ìwé àti fóònù lọ́wọ́. Pásítọ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀, ó wá ká apá ẹ̀wù rẹ̀, ó kúnlẹ̀ nídìí ewúro ìkọkànlá, ó sì di téèpù mú mọ́ ilẹ̀. Àlàfo àárín àwọn yòókù dọ́gba. Wọ́n wọn ìdajì ọ̀nà láti ìkẹsàn-án sí ìkọkànlá, obìnrin náà sì ki irin kékeré kan tó ní àsíá pupa bọ ilẹ̀ níbẹ̀.

Ìyá àgbà béèrè bóyá àwọn lè jókòó síbẹ̀. A gbé àga wá. Wọ́n jókòó fún bíi wákàtí kan, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo sún mọ́ wọn láti gbọ́, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn, mo sì gbọ́ díẹ̀: orúkọ ọkọ wọn, iye ọmọ tí wọ́n bí, ilé tí wọ́n ń gbé. Bí ẹni tó pẹ́ dé tó ń ṣàlàyé ara rẹ̀ ni. Mo pa ìwé mi dé, mo sì kúrò níbẹ̀.

Títí di òní, bí mo bá wọ ilé tí wọ́n ti ń se ewúro, mo máa ń jáde síta díẹ̀. N kì í sọ ìdí rẹ̀ fún onílé.

Ẹ̀rọ náà ti kọjá lórí ilẹ̀ wa báyìí. Ìjọba ìbílẹ̀ ní ó fi òjìji mẹ́ẹ̀ẹ́dógún hàn lórí ìlà ewúro, ọ̀kan sì wà lábẹ́ àsíá pupa. Ó fi àwọn mìíràn hàn tó wọ abẹ́ ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí, tí wọn ò tíì ka iye wọn tán. Wọ́n ti dá ilé kíkọ́ dúró. Adájọ́ máa gbọ́ ẹjọ́ náà ní oṣù tó ń bọ̀. Bó bá gbà, ibojì kan ṣoṣo ni wọ́n máa ṣí, wọ́n á sì fi itọ́ ẹnu ìyá àgbà yẹ eegun inú rẹ̀ wò bóyá bàbá àti ọmọ ni; èsì lè pẹ́ tó oṣù mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ní kò sí ọ̀nà láti mú un yá. Ìyá àgbà ti wà ní ilé ìwòsàn láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Mo béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ náà ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá kú kí èsì tó jáde, bóyá a lè sin wọ́n síbẹ̀. Ó ní òfin kò gbà kí wọ́n sin ẹnikẹ́ni sí ilẹ̀ tí ìjọba kò tíì pè ní ibojì, àti pé lẹ́yìn tí èsì bá jáde nìkan ni ìjọba lè pè é bẹ́ẹ̀.